Ìko Tí Bámgbélú Tú

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé wá. Bí afẹ́fẹ́ bá gbọ́ ìtàn, kì í lè tún un sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó da ojú rẹ̀ délẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, fóònù náà kò ní kú. Àsáró wà lórí iná, òórùn rẹ̀ ti ń pe imú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni a ó kọ́kọ́ jẹ.

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Ẹni tó ní ká la igbá ni yóò gbé igbá relé." Kì í ṣe òwe tuntun létí yín. Láti àná ni ẹ ti ń jù ú lu ara yín bí òkò lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tajà lórí fóònù. Apá kan ní kí ọlọ́jà gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òun fẹ́ ọjà, tó tún yí padà pé òun ò rà mọ́. Apá kejì ní rárá, ìrẹ́jẹ ni. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sì ń pa òwe kan náà. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú yín? Igbá ta ni? Ta ló ní kí wọ́n là á? Ta sì ni kò gbé e relé? Ẹ fara balẹ̀.

Ìlú kan wà nígbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìsàgbé. Igbá ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí àlejò bá wọ ibẹ̀, ìtàkùn igbá ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, lára ọgbà, lórí òrùlé, títí dé orí ilé adìẹ. Obìnrin opó kan ń gbé níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbin igbá, òun ló ń là á, òun ló ń fín in. Àwọn onígbá mìíràn pọ̀ ní ìlú, àmọ́ igbá tí Àwẹ̀ró ń gbìn, kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ló fi kóró rẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ sì fi lé òun náà lọ́wọ́. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí abiyamọ lè tẹ́ ọmọ sínú rẹ̀, kí ọmọ náà sùn, kó yí ẹ̀gbẹ́ padà, kó má sì ṣubú. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Gbọ́mọsùn. Ọmọbìnrin tó bá ń lọ sílé ọkọ ní Ìsàgbé, bí kò bá sí Gbọ́mọsùn nínú ẹrù rẹ̀, àwọn obìnrin á máa bi ara wọn pé ta ló ń lé e.

Kóró igbá náà kì í pẹ́ nílẹ̀. Èyí tí a bá yọ lọ́dún yìí, àfi kí a gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ó bá sùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kòkòrò á ti jẹ inú rẹ̀ tán. Nítorí náà Àwẹ̀ró kì í la igbá tí kò bá tíì dún. Bí ìtàkùn bá gbẹ, yóò gbé igbá sétí bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ àṣírí, yóò mì í, yóò sì máa kọrin tí ìyá rẹ̀ ń kọ:

Igbá mi, dáhùn kí n gbọ́,
Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.
Ọmọ inú rẹ, ṣé wọ́n ti gbó?
Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.
Bí o ò dáhùn, mi ò là ọ́,
Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.
Ìyá mi ló ní kí n dúró,
Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.

Ẹ gbè é fún mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kóró inú igbá ló ń gbe orin yẹn fún Àwẹ̀ró. Ìgbà tí ó bá gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú rẹ̀ ni ó tó ń na ọwọ́ sí ayùn.

Àṣà kan tún wà ní Ìsàgbé tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra igbá kì í dúró kó gbẹ. Ìgbà tí ó ṣì tutù lórí ìtàkùn ni yóò wá yan èyí tí ojú rẹ̀ bá mú, yóò sì so ìko, okùn tí a fà lára ewé ògùrọ̀, mọ́ ọn nídìí. Ìko yẹn ni ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ti so ó, kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan igbá náà. Bí ọkàn rẹ̀ bá yí padà, yóò padà wá tú ìko rẹ̀, kò ní san ohunkóhun, onígbá kò sì gbọdọ̀ fajú ro. Ohun tó ń ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà ni pé, lọ́jọ́ tí onígbá bá fẹ́ la igbá, yóò kọ́kọ́ gé ìko náà, yóò fi ránṣẹ́ sí ẹni tó so ó. Bí ìko bá ti dé ọwọ́ onítọ̀hún, kò sí títú mọ́. Ọmọdé Ìsàgbé mọ̀ ọ́n, àgbà Ìsàgbé mọ̀ ọ́n.

Ọdún kan wá dé, òjò kò tètè rọ̀. Nínú gbogbo kóró Gbọ́mọsùn tí Àwẹ̀ró gbìn, ìtàkùn kan ṣoṣo ló yè, èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí ó máa ń da omi ìṣanwọ́ sí. Àárọ̀ ni ó ń bẹ̀ ẹ́ wò, ìrọ̀lẹ́ ni ó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ìtàkùn náà so, Bámgbélú olóbì gbọ́, ó sì wá.

Ọlọ́rọ̀ ni Bámgbélú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí a sọ ìyẹn sílẹ̀. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, kì í ré ènìyàn kọjá láìkí i, ọwọ́ rẹ̀ kò sì há. Àbùkù rẹ̀ kò ju pé ohun tí ó bá fẹ́ kú fún láàárọ̀, ó lè má rántí orúkọ rẹ̀ mọ́ bí oòrùn bá wọ̀. Àyìnkẹ́ ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ lẹ́yìn ìkórè. Bámgbélú fi osùn pa ìko tirẹ̀, ó pọ́n yòò, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé kì í ṣe ìko ẹni kan ṣáá. Ó yan igbá tó tóbi jù lórí ìtàkùn, ó so ìko mọ́ ọn.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, gé àwọn tó kù dànù. Mo fẹ́ kí ọ̀kan yìí máa dá gbogbo oúnjẹ jẹ. Mo fẹ́ igbá tí àwọn àna mi máa rí, tí wọ́n á gbàgbé láti pa ẹnu dé."

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá Àyìnkẹ́, bí mo bá gé àwọn tó kù, inú ẹyọ kan yìí ni gbogbo kóró mi ọdún tó ń bọ̀ máa wà o."

"Kí ló wá kàn mí nínú ìyẹn? Ṣé èmi ni mo fẹ́ jẹ kóró ni? Bí igbá bá gbẹ, kó kóró rẹ, kí n gbé igbá mi."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá létí Àwẹ̀ró. Ó gé àwọn igbá kéékèèké náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Èyí tó kù wá ń sanra. Ó tóbi títí Àwẹ̀ró fi ní láti kó koríko sábẹ́ rẹ̀, kó má baà fi ìdí lélẹ̀ kó rà. Ìyá Lápàdé elépo, tí ilé rẹ̀ fara ti ti Àwẹ̀ró, a máa yọjú lórí ọgbà pé, "Àwẹ̀ró, ìkókó rẹ ti jí bí?" Àwẹ̀ró á ní ó ti jí, ó sì ti mu omi. Inú rẹ̀ dùn. Kò tíì rí Gbọ́mọsùn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Ìtàkùn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ nígbà tí Bámgbélú sáré dé. Ìyá ọkọ Àyìnkẹ́ ti dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ní òun fẹ́ fi ojú rí ìyàwó ọmọ òun kí ojú náà tó dí. Wọ́n ti fa ìgbéyàwó síwájú.

Bámgbélú ní, "La igbá, Àwẹ̀ró."

"Kò tíì dún, Bàbá Àyìnkẹ́."

"Ṣé orin ni mo ní kó kọ fún mi ni? Igbá ni mo fẹ́."

"Bí a bá là á tútù, kóró rẹ̀ kò ní hù mọ́. Kóró ìyá mi ni. Kò sí òmíràn níbì kankan."

Bámgbélú rọ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ náà gbé e wò. Abiyamọ kan ń kú lọ, ó fẹ́ rí ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ṣé kí n lọ sọ fún un pé kó dúró de kóró? Ìyá tìrẹ náà ì bá ní kí o là á. Èmi Bámgbélú ni mo ní kí o là á. Ṣé ẹnu mi kò tó ni?"

Ìyá Lápàdé ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ọgbà. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Àwẹ̀ró, bí o bá máa là á, gé ìko yẹn kí o fi lé e lọ́wọ́ níbi tó dúró sí."

Bámgbélú bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Lápàdé, epo ò tà lónìí ni? Ẹ fi ìko mi sílẹ̀ níbẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fi osùn pa á. Mo fẹ́ kí àwọn àna mi rí i lórí ọmọrí igbá náà, kí wọ́n mọ̀ pé láti orí ìtàkùn ni mo ti yàn án."

Àwẹ̀ró mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń gé ìko ènìyàn lójú rẹ̀, kí a nà án sí i, nígbà tí ó dúró síbẹ̀ tó ń bẹ̀ ọ́? Ó dà bí ìgbà tí a ní kó búra lórí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ní Ìsàgbé, a lè fi ìko ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lókèèrè, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú rẹ tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ, ojú á tì ọ́ láti pè é ní onírọ́. Ojú ti Àwẹ̀ró. Ó gé igbá náà lókè ibi tí ìko wà. Ìko kù sórí rẹ̀, ó pọ́n yòò bí ahọ́n.

Nígbà tí Bámgbélú lọ tán, Àwẹ̀ró gbé igbá náà sétí, ó mì í, ó sì kọ orin ìyá rẹ̀. Igbá mi, dáhùn kí n gbọ́. Kò sóhun tó gbè é. Ó mì í lẹ́ẹ̀kejì. Kò sóhun tó gbè é. Ó mú ayùn.

Kóró inú rẹ̀ funfun, wọ́n rọ̀ bí èrìgì ọmọ tí kò tíì hu eyín. Ó kó wọn jáde tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó sá wọn sórí àtẹ níbi tí oòrùn kò ti mú jù, bóyá Ọlọ́run á ṣàánú. Ó yan iyanrìn gbẹ, ó rọ ọ́ sínú igbá kó má baà hunjọ, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti ń tutù, nítorí igbá tútù dà bí ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù, ìtọ́jú ló ń dá a dúró. Lẹ́yìn náà ló fín in. Obì ni àmì ilé Bámgbélú. Ó fi obì yí igbá náà ká láti ìsàlẹ̀ dé ètè, obì tó lajú, obì tó pajú dé, obì tó ṣì wà nínú apó rẹ̀. Àwọn mìíràn mú ìko wá ní àsìkò náà fún igbá kéékèèké, ó dá gbogbo wọn padà. Ọwọ́ rẹ̀ dí.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ó gbé igbá náà sórí ẹní, ó ń wò ó. Ìyá Lápàdé wá wò ó pẹ̀lú, ó káwọ́ lérí, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀rí, nítorí Ìyá Lápàdé kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n.

Ibẹ̀ ni Bámgbélú bá wọn. Ó kí wọn dáadáa. Ó ní, "Àwẹ̀ró, o kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Ìko mi ni mo wá tú."

Àwẹ̀ró rò pé ó ń ṣàwàdà, ó tiẹ̀ ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì tú ìko lórí ọmọrí, ó sì ń wé e mọ́ ìka rẹ̀.

Ó ní, "Àwọn oníṣòwò etí òkun gbé àwo idẹ kan dé. Bí oòrùn bá bà á, o ò ní lè fojú wò ó. Àyìnkẹ́ ti rí i, kò gbọ́ ti ohun mìíràn mọ́. Má bínú, o gbọ́?"

"Ṣé igbá náà kò dára ni?"

"Ó dára jù. Tà á fún ẹlòmíràn."

"Bàbá Àyìnkẹ́, obì yín ló yí i ká. Ọmọ ta ni yóò gbé obì yín lọ sílé ọkọ tirẹ̀?"

Bámgbélú wo igbá náà, ó fi ọwọ́ pa obì kan lára rẹ̀. Ó ní, "Lóòótọ́, ìyẹn le díẹ̀. Bóyá kí o ha á kúrò." Ó kí wọn pé ó dìgbà, ó ń lọ, ìko sì ń mì lẹ́nu ìka rẹ̀.

Àwẹ̀ró gbé igbá náà lérí, ó gbé e dé iwájú ilé Baálẹ̀. Àwọn ènìyàn pé. Baálẹ̀ Ìsàgbé kì í gba rìbá, kì í sì í ṣe ojúsàájú. Bí ó bá ń ṣe é ni, ìtàn yìí ì bá rọrùn láti sọ. Ó pe Bámgbélú, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bámgbélú kò purọ́ kankan. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló ní kó là á, òun náà ló sì tú ìko.

Baálẹ̀ ní, "Àwẹ̀ró, lọ́jọ́ tí ó wá tú u, ìko wà lórí igbá àbí kò sí níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Òun ló ní kí n fi í sílẹ̀."

"O sì fi í sílẹ̀?"

"Mo fi í sílẹ̀."

Baálẹ̀ wo obì ara igbá náà. Ó wá ní, "Láyé bàbá mi, onígbá kan wà tó jẹ́ pé igbá tó sán ni ó ń là, ó ń fín in wúruwùru, á ní dandan ni kí ẹni tó so ìko sanwó. Àwọn tálákà ra igbá tí kò gba omi dúró. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi lélẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí ìko bá ṣì wà lórí igbá, ẹni tó so ó lè tú u lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mo bá yẹ òfin yẹn nítorí rẹ lónìí, lọ́la gbogbo onígbá á máa fi ọ̀bẹ lé oníbàárà kiri."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Ìyá Lápàdé ní, "Bàbá, ẹni tó ń sá fún olè tó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀ síta, ṣé olè náà ló ṣẹ́gun ni àbí ìyá?"

Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ní, "Bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ epo, a ó ránṣẹ́ sí ọ." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, n kò tiẹ̀ béèrè owó iṣẹ́ mọ́. Kóró ìyá mi ló ti lọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kó gbé igbá náà relé. Kó máa rí i lójoojúmọ́."

Bámgbélú ní ilé òun ti kún. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í díẹ̀, kò sì fẹ́ kí ìlú máa fi ojú burúkú wo òun. Ó bá ní, "Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí korò. Iṣu wà nílé mi, ewúrẹ́ wà ní ìso. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún iyán, ká kó o sínú igbá yìí gan-an, kí gbogbo wa jùmọ̀ jẹ ẹ́. Bí a bá jọ jẹun, ìjà parí."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò rí i bí àwọn ènìyàn ṣe ń yìn ín. Wọ́n ní ènìyàn gidi ni. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ gbòòrò. Kò pẹ́ tí odó fi ń dún gbì, gbì, gbì. Wọ́n kó iyán gbígbóná sínú Gbọ́mọsùn, wọ́n bu ọbẹ̀ sínú ọmọrí rẹ̀, gbogbo agboolé yí i ká. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń pọ́n ìka lá, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé igbá yìí mà dára o, ẹ wo obì ara rẹ̀. Iyán tó gbóná kò sì yẹ igbá tí wọ́n là ní tútù. Kí wọ́n tó jẹun dé ìdí rẹ̀, ó ti sán láti ètè dé ìsàlẹ̀, ọbẹ̀ ti wọnú ojú obì gbogbo. Wọn kò rí i, torí iyán tó kù ti dí ojú ibi tó sán.

Ẹni tó dájọ́ yó. Ẹni tí wọ́n dá láre yó. Ẹni tó wá wòran yó, ó sì di díẹ̀ dání. Bí olúkúlùkù ti ń gbọn aṣọ rẹ̀ láti máa lọ, ìyàwó Baálẹ̀ rí Àwẹ̀ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ṣé o ò ní jẹun ni?"

Àwẹ̀ró dìde. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ní ìlú tí ojú bá là, ẹni tó ní ká la igbá ni yóò gbé igbá relé. Níhìn-ín, èmi ni mo máa gbé e." Ó da egungun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún ajá, ó gbé igbá sísán náà lérí, ó lọ. Wọ́n ní inú ló ń bí i, wọ́n ní á tán lára rẹ̀. Wọ́n padà sílé, wọ́n sì sùn dáadáa.

Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, ó dé lásìkò, ó sì rọ̀ dáadáa. Àwẹ̀ró gbin kóró tó wà lórí àtẹ. Wọ́n ti rún bí èépá ojú egbò. Ó gbìn wọ́n náà. Ó ń da omi sí wọn láàárọ̀, ó ń da omi sí wọn nírọ̀lẹ́, Ìyá Lápàdé sì ń gbọ́ orin láti ìhà kejì ọgbà:

Igbá mi ò dún, mo là á,
Ẹnu ẹni ńlá ni mo gbọ́.
Igbá mi ò dún, mo là á,
Ojú ló tì mí tí mo gbà.
Ìyá mi, bí ẹ bá bi mí,
N ó ní wọ́n jẹun yó.

Orin yìí kò ní ègbè. Ẹ má gbè é.

Kóró náà kò hù. Èpò hù níbẹ̀, ọ̀kan kò yọ orí nínú kóró Gbọ́mọsùn. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń gbé ọmọ fún ọkọ lọ́dún náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé ni Baálẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ tó kẹ́yìn ń lọ sílé ọkọ. Ó mú ìko dání.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, mú mi lọ síbi tí Gbọ́mọsùn wà, kí n yan tèmi."

Àwẹ̀ró kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó mú un lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ilẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Baálẹ̀ wo ilẹ̀ náà, ó wo Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró ní, "Ibẹ̀ náà ni, Bàbá. Ẹ so ìko yín mọ́ ilẹ̀."

Baálẹ̀ dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Ó rántí iyán. Ó rántí pé òun tún bu lé e lẹ́ẹ̀kejì. Kí oòrùn tó wọ̀ ó ti pe ìlú jọ, ó sì fi òfin tuntun lélẹ̀: ẹni tó bá so ìko, bí ọ̀bẹ kò bá tíì kan igbá, kó tú u lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí onígbá bá fín ìfínkúfìn-ín, tàbí igbá sán lọ́wọ́ rẹ̀, kí onígbá gbé ìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n là á, tí iṣẹ́ sì dára, ìko ì báà wà níbẹ̀ tàbí kó má sí níbẹ̀, ẹni tó ní ká la igbá ni yóò gbé igbá relé, pẹ̀lú ohun gbogbo tó bá bá a rìn. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní Baálẹ̀ gbọ́n.

Kò sí ẹni tó fẹ́ràn òfin náà tó Bámgbélú. Bí ẹnì kan bá ra obì lọ́wọ́ rẹ̀, tó pa á tán tó sì fẹ́ dá a padà, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Àbúrò, ẹni tó ní ká la igbá ni yóò gbé igbá relé." Ẹnu rẹ̀ ni òwe náà ti tàn kálẹ̀ dé àwọn ìlú mìíràn. Àwọn tó gbọ́ ọ níbẹ̀ rò pé òun ló dá a. Ní ti Àwẹ̀ró, igbá kéékèèké tí a fi ń mu ẹ̀kọ ni ó ń fín títí ó fi kú. Gbọ́mọsùn sísán yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún rí irú rẹ̀ mọ́ ní Ìsàgbé, àwọn ọmọ ibẹ̀ kò sì mọ̀ mọ́ pé a lè sùn nínú igbá.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ti ẹlòmíràn sínú iṣẹ́ tí kò ṣe é dá padà, tó wá fẹ́ yọ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni yọ ẹsẹ̀ nínú bàtà, ìgbà náà ni àwọn àgbà ń sọ pé, "Ẹni tó ní ká la igbá ni yóò gbé igbá relé." Wọn kì í pa á fún ẹni tó yí ọkàn padà kí ọ̀bẹ tó dé, ìko tirẹ̀ ni ẹni yẹn tú. Ẹ̀yin tí ẹ ń jà lórí ọjà orí fóònù, ẹ máa kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti la igbá àbí wọn kò tíì là á, kí ẹ tó pa òwe fún ara yín. Ó yá, àsáró ti jinná. Ẹ gbé àwo yín wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pọ̀ tó, ẹnikẹ́ni kò ní fi ebi lọ sílé lọ́dọ̀ mi. Àmọ́ kí ẹ tó máa lọ, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ògiri wò, bóyá ẹni tí kò tíì jẹun wà níbẹ̀. Ẹ bu tirẹ̀ fún un. Ìgbà náà ni kí gbogbo wa tó fi ayọ̀ relé.